Jíìpù 4Runner 1999: Ṣé Kí N Tà Á Ni, Àbí Kí N Tún Un Ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti ń gbóná. Mo ní jíìpù 4Runner kan, ti 1999, ẹ́ńjìnnì V6 3.4, gíà ọtọ́. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń kó èlùbọ́ àti egúsí láti Òkè-Ògùn wá sí Bódìjà. Láti Ìbàdàn dé Ìséyìn kò sí wàhálà látìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà yẹn ṣe, ibi tí wàhálà wà ni tí mo bá ti kọjá Òkèhò tí mo yà wọ àwọn abúlé, tó bá jẹ́ àsìkò òjò ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbé mọ́tò mì ni, Camry ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Tèmi, màá kàn fa lefà yẹn sí H4 (four-wheel, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fa mọ́tò), tó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ mo fà á sí L4 (èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ àmọ́ tó lágbára jù), a ó máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tá a fi máa jáde.

Ṣùgbọ́n epo ti fẹ́ pa mí. Kí wọ́n tó yọ sọ́bísídì ní May 2023, lítà kan ò tó N200. Ẹ̀yin náà kúkú mọ iye tó dà báyìí. Tí mo bá fi lè rọ táǹkì kún lọ́jọ́ ọjà, èrè tó yẹ kí n mú wálé ti lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ó ti ń dún níwájú, tí mo bá ti kọ sítíárìn dé òpin bíi pé mo fẹ́ yípo, ó máa dún "kọ̀ọ́" lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ní bushing (rọ́bà abẹ́ mọ́tò) ni, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó gbowó, ó ṣì ń dún.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ní kí n ta pàǹtí yẹn (ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni o), òun á fowó kún un, ká ra Highlander 2008 lọ́kíṣọ̀n lọ́hùn-ún kó fi ránṣẹ́. Ọkọ mi ní tí mo bá máa pààrọ̀, kí n kúkú ra Lexus GX470 kí aráyé mọ̀ pé mo pààrọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò ládùúgbò wa tún ní òun ní Pathfinder 2006, òun á gba 4Runner mi, kí n fi mílíọ̀nù mẹ́ta lé e. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, mi ò mọ èyí tí màá mú. Ẹni tó bá mọ̀ nípa four-wheel kó gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi o.

Ọmọ Ìséyìn:
Ẹ kú ọjà ma. Èmi ò gbà pé ẹ nílò four-wheel rárá. Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìséyìn nìkan tó kìlómítà 65, ọ̀dà ni gbogbo ẹ̀, ẹ wá ń fi mọ́tò tó ń mu epo bí ẹni mu omi sáré lórí ọ̀dà, nítorí ẹrẹ̀ ráńpẹ́ tó wà níwájú. Ẹ ra Sienna, ẹ gbé e dé Òkèhò, kí ẹ gba pickup àwọn ará ibẹ̀ wọlé. Ó tán.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
@Ọmọ Ìséyìn ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ ò tíì bá àwọn onípickup yẹn dúnàádúrà nígbà tójò bá ṣú. Ojú ọ̀run ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó dá iye owó. Tòun tarapólì, òjò ṣì máa ń rí ibi gbà wọlé, àpò tó bá sì ti tutù, kó tó di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ó ti bu, ẹ gbé e dé Bódìjà wọn ò ní bi yín ní iye ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń lo mọ́tò tó ní òrùlé nìyẹn.

Ọmọ Ìséyìn:
Haa, mi ò rò ó débẹ̀. Ẹ má bínú ma. Sienna kúrò ńbẹ̀.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ẹ jẹ́ ká fi ti títà sílẹ̀ ná. Ariwo tẹ́ ẹ sọ yẹn ló kó mi láyà sókè. Ẹ má wa mọ́tò yẹn lọ ibì kankan kí wọ́n tó yẹ ball joint ìsàlẹ̀ (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà iwájú mọ́ abẹ́ mọ́tò) wò, ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ń bá Toyota ṣiṣẹ́ ó ti pẹ́, gbogbo 4Runner 1996 dé 2002 ni àìsàn yẹn ń bá jà, torí bí wọ́n ṣe to ibẹ̀, ìwúwo mọ́tò ò tẹ ball joint yẹn mọ́lẹ̀ sínú ilé ẹ̀, ńṣe ló ń fà á jáde. Tó bá ti jẹ tán, ó máa yọ lójijì, ẹsẹ̀ á ṣẹ́ wọ abẹ́ fẹ́ńdà, mọ́tò á fimú gúnlẹ̀. Tó bá ṣe é nígbà tẹ́ ẹ ń yípo ní páákì, ẹ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ orí eré lọ́nà Mọ́níyà ńkọ́? Kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan fi irin gígùn wọ́ ọ sókè sódò lábẹ́, kí ẹnìkejì máa wo ojú ball joint yẹn. Tó bá mì báyìí, ó ti tán.

Ìkejì, rádíétọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù dáadáa, láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ kẹ́ ẹ wo omi inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti ki tó sì pupa rẹ́súrẹ́sú bíi yóógọ́ọ̀tì oníṣitọ́bẹ́rì, ẹ má sítáàtì mọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ̀pá tó ń tu epo gíà lára nínú rádíétọ̀ ti bẹ́, omi àti epo gíà ti dà pọ̀, gíà ò sì ní pẹ́ jóná. Tó bá ṣì mọ́, rádíétọ̀ tó bá ti tó ọdún báyẹn lára mọ́tò, èmi máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn kó pààrọ̀ ẹ̀ kó tó bẹ́, torí owó rádíétọ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gíà.

Ìkẹta, timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìnnì inú ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lásìkò kan náà. 90,000 máìlì ni wọ́n ní kéèyàn pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 3.4 yẹn láàánú díẹ̀, tí bẹ́líìtì bá já, fáàfù ò ní kọ lu písítìnnì, ó kàn máa kú ni. Àmọ́ ibi tó bá kú sí lẹ ó sùn sí. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ water pump náà lẹ́ẹ̀kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ń tú.

Nǹkan mẹ́ta yìí ṣe kókó. Tí wọ́n bá ti dáa, tí ṣáásì (irin gígùn abẹ́ tó gbé mọ́tò dúró) ò sì tíì dógùn-ún, ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì máa sìn yín dáadáa.

Abíọ́nà Maryland:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ bá mi kí àbúrò yín ní Houston ma, ó fẹ́ràn yín, àmọ́ Highlander ò lè ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sọ yìí. Kò ní L4. Four-wheel ẹ̀ wà fún ọ̀nà tó ń yọ̀, bíi ti yìnyín níbí ní Amẹ́ríkà, ó kàn ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn ni. Kò ní ṣáásì abẹ́ bíi ti 4Runner, ara mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ gbé èlùbọ́ àpò bíi mélòó kan sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wọ ẹrẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ló máa fi jókòó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo tẹ́ ẹ ń sá fún. 4Runner yín máa mu bíi lítà 14 sí 15 ní kìlómítà 100, Highlander V6 onífour-wheel máa mu bíi 12. Lítà méjì ààbọ̀, ó pọ̀ jù, mẹ́ta. Ẹ wá fi wé owó tẹ́ ẹ máa fi rà á, owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ dọ́là, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ti dà látìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà ní June 2023. Ìgbà wo ni lítà mẹ́ta mẹ́ta máa dá ìyẹn padà?

Tẹ́ ẹ bá tún wá ní dandan ẹ máa ra láti ibí, kí àbúrò yín wo ibi tí mọ́tò ti wá. Èyí tó bá wá láti Ohio, New York, Pennsylvania, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn máa jẹ abẹ́ mọ́tò bí ẹni jẹ búrẹ́dì. Lókè á máa dán, lábẹ́ ẹ lè fi ìka gún ṣáásì ẹ̀. Ti Texas kì í sábà dógùn-ún, àmọ́ ibẹ̀ náà lomíyalé ti gbé mọ́tò rẹpẹtẹ, Harvey ní 2017 ṣì wà lọ́kàn wa, kó ka pépà mọ́tò yẹn dáadáa kó tó náwó.

Bàbá Ìbejì:
Mo ní GX470. Ó dùn ún wà, ẹ jókòó sínú ẹ̀ ẹ máa gbàgbé pé ọ̀nà ò dáa. Ó ní low (L4 yẹn), ṣáásì ẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú Prado. Àmọ́ ẹni tó ń sá fún epo V6, V8 4.7 ló wá fẹ́ lọ rà? 😂 Four-wheel ẹ̀ ò ṣe é pa, gbogbo ìgbà ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Báàgì afẹ́fẹ́ tó gbé ẹ̀yìn ẹ̀ dúró, tó bá ti lu, ìdí mọ́tò á wálẹ̀, púpọ̀ nínú wa ti yọ ọ́ tá a fi sípírìn sí i. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé ti "kí aráyé mọ̀" yẹn, aráyé ò ní bá wa rọ epo.

Ẹlẹ́ńjìnnì Ládípọ̀:
Pathfinder 2006 yẹn lẹ ẹ̀ tíì bèèrè. Màmá, ẹ sá! Tàbí kẹ́ ẹ bi ọmọkùnrin yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ rádíétọ̀ ẹ̀? Pathfinder 2005 sí 2010, ohun tí Mẹkáníìkì Gate sọ nípa omi àti epo gíà yẹn, òun ló ń pa wọ́n, tiwọn gan-an le ju ti 4Runner lọ. A ń ta gíà Pathfinder nídìí ìṣòro yìí gan-an. Tó bá ti pààrọ̀ rádíétọ̀ kí gíà tó bàjẹ́, mọ́tò gidi ni. Tó bá ń wò yín lójú tí ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ẹ gbé báàgì yín. Kí ló tiẹ̀ dé tó fẹ́ gba 4Runner tọ́dún ẹ̀ ti lọ tó báyìí, tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta péré ló ní kẹ́ ẹ fi lé e? Ó mọ iye tí tiyín ń lọ lọ́jà, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.

Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò:
Ṣé wọn ò lè sọ ọ́ di CNG (mọ́tò tó ń lo gáàsì) ni? Ìjọba ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an.

Mẹkáníìkì Gate:
Wọ́n lè sọ ọ́ di CNG. Sìlíńdà yẹn bùùtù ló máa jókòó sí, níbo ni èlùbọ́ fẹ́ gbà? Tí gáàsì bá tán lẹ́yìn Òkèhò, taa ló máa rọ ọ́ fún wọn?

Ẹ gbọ́ ma, nǹkan mìíràn tí mo gbàgbé. H4 yẹn, ẹ má fà á lórí ọ̀dà gbígbẹ o, ẹrẹ̀ tàbí yanrìn ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ ẹ ò nílò ẹ̀, ẹ ṣì máa wá ibi ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ kan fà á sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ wà á síwájú díẹ̀, kí epo lè máa dé ara jíà inú ẹ̀. Àwọn tí kì í fà á rárá ni lefà wọn máa ń gan lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ bá mú wọn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín, ọmọ tó ń ṣe rere ò ní kú fún yín. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì mìíràn, mo dúró tì í. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè tó ki irin bọ abẹ́ ẹ̀, èmi tí mi ò mọ nǹkan kan gan-an rí i tó ń ta pọ́ún pọ́ún nínú ilé ẹ̀. Rọ́bà tó bò ó ti ya, gíríìsì ti gbẹ síbẹ̀ ó dúdú bí adógán. Ti òsì ṣì le, àmọ́ wọ́n ní kí n pààrọ̀ méjèèjì. Omi rádíétọ̀ mọ́, àwọ̀ ewé ni. Ó fi hámà kan gbogbo ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń dún gan, kò síbi tó rọ̀. Ti timing belt, ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ní ká kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ rí.

Mi ò tà á mọ́. Mo bi ọmọ Pathfinder yẹn ní ìbéèrè rádíétọ̀, ó ní "Mummy ẹ má da ara yín láàmú, mọ́tò yẹn clean." Mo ní ẹ ṣé. Dádì ti gbà pé kí n máa gbé Corolla tiwọn tó bá jẹ́ inú Ìbàdàn nìkan ni mò ń lọ, kí 4Runner jẹ́ ti oko. Àbúrò mi ò fẹ́ gbà, ó ní mo fẹ́ràn wàhálà, ṣùgbọ́n ó ti gbà láti ra ball joint méjèèjì àti bẹ́líìtì lọ́hùn-ún, ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé máa bá wa gbé e. Mọ́tò yẹn á wà nílẹ̀ títí tó fi máa dé, mo ti bá ẹlẹ́rù kan sọ̀rọ̀ fún ọjà tó ń bọ̀. Rádíétọ̀ ni mo fẹ́ rà níbí. Ẹlẹ́ńjìnnì Ládípọ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá mi wá a o.

Ẹlẹ́ńjìnnì Ládípọ̀:
Kò sí wàhálà Màmá, ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì ránṣẹ́ sínú inbox mi, ẹ má kọ ọ́ síta níbí. Tuntun ni màá wá fún yín, mi ò ní fún yín ní tòkúnbọ̀ rádíétọ̀. Ẹ tún sọ fún àbúrò yín kó ra bóòtì (bolt) ball joint yẹn pọ̀ mọ́ ọn, mẹ́rin ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bóòtì àtijọ́ dá a padà.

Mẹkáníìkì Gate:
Ẹ ṣe alignment (kí wọ́n to ẹsẹ̀ táyà kó dọ́gba) lẹ́yìn ẹ̀ o ma, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà iwájú máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.