Tí wọ́n bá fòfin gba igbó láyè kí owó orí lè máa wọlé: kí lojú yín ti rí?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Abuja àti òkè Ọya. Lánàá mo wọ mọ́tò ní Berger, mò ń lọ sí Kubwa, ni dírẹ́bà bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí ìjọba kúkú jẹ́ kí wọ́n máa ta igbó ní gbangba kí wọ́n máa gba owó orí lórí ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á lórí bíà àti sìgá, ṣebí àwọn tó ń mu ún ò ní tìtorí òfin fi í sílẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn figbe ta pé Ọlọ́run má jẹ́ a rí i. Gbogbo mọ́tò ló dá sí i, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tá a kọjá Gwarinpa. Mi ò fẹ́ ohun tẹ́ ẹ kà nínú ìwé ìròyìn o, èyí tó ṣojú yín ni kẹ́ ẹ sọ.

Alhaja Sabon Gari
Ọlọ́run má jẹ́ a rí i lóòótọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Lugbe ni mò ń gbé báyìí ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá sì mọ ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé inú igbó ọba, ìyẹn ilẹ̀ igi tí ìjọba fi pamọ́, ni wọ́n ti ń gbin igbó tí wọ́n ń mu jù. Àbúrò bàbá mi, oníkòkó ni. Tó o bá gbin kòkó, wàá retí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so. Ẹni tí oko ẹ̀ bá tiẹ̀ pààlà, àárín ẹ̀gẹ́ ló ń gbin igbó sí, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ó ti ń kórè. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń sá a, orí tapólì dúdú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lábẹ́ igi, òórùn ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi débi pé nígbà tí mo délé ìyá mi ò jẹ́ kí n wọlé, ó ní kí n bọ́ ọ síta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n wá dáná sun oko yẹn, iná ràn dé ìdí kòkó àbúrò bàbá mi tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀. Ẹni tó gbin igbó ti wá ibòmíì lọ. Nígbà tí Gómìnà Akérédolú lọ sí Thailand lọ́dún 2019 láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi ṣe oògùn, èébú làwọn èèyàn bù fún un, èmi ò bá wọn bú u. Tí láísẹ́ǹsì bá wà, a máa mọ ẹni tó ni oko, a máa mọ ẹni tá a máa bi.

Ẹ̀gbọ́n Mararaba
Ọmọ Ọ̀wọ̀, sòótọ́ fún wa, ìwọ náà ò tọ́ ọ wò?

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Mi ò tọ́ ọ wò, ẹ̀gbọ́n. Èéfín sìgá pàápàá, ikọ́ ló máa ń dá sí mi lára.

Màmá Dàpọ̀ Nyanya
Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, tó bá gùn ẹ bá mi fara dà á. Lọ́dún 2022 wọ́n mú ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹyọ kan ni wọ́n bá lápò ẹ̀, wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn dì í, kò tó àtàǹpàkò mi. Mi ò sọ pé kò mu ún o. Ó ń mu ún, mo mọ̀, mo ti nà án, mo ti gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Àwọn tó mú un fi fóònù ẹ̀ pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n ní tí wọ́n bá fi lè gbé e dé kọ́ọ̀tù, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó máa lò. Wọ́n wá dárúkọ owó. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi já a sí 150,000 náírà. Mo ní mi ò ní kéèṣì lọ́wọ́, wọ́n ní obìnrin kan wà níwájú tó ní POS, àní àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí i pé kó gbé maṣíìnì ẹ̀ wá. Owó àjọ mi ni o, ọjọ́ kẹta tí mo kó o nìyẹn, fìríjì ni mo fẹ́ fi rà sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin yẹn tún yọ owó iṣẹ́ tiẹ̀ lórí ẹ̀. Rìsíìtì tó fún mi ṣì wà nínú Bíbélì mi di òní, ohun tó wà lára ẹ̀ ti ń pa rẹ́, ó kù díẹ̀ kó di bébà funfun lásán. Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ owó orí. Èmi ti san tèmi. Àpò ta ló wọ̀?

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ha! Màmá Dàpọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ibi fìríjì yẹn ni omi ti bọ́ lójú mi.

Káfíńtà Dei-Dei
80,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ mi ò mu ún rí láyé mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ló lọ fi í pamọ́ sínú lẹ́búlẹ́bú igi, wọ́n ní èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ yẹn ni mo lé ọmọ náà lọ, ó sì ń dùn mí títí dòní torí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ gan-an, mi ò tíì rí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn bíi tiẹ̀.

Ọmọ Lọ́yà
Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹnu wọn ti gbà. Òfin igbó tí ìjọba ológun gbé jáde lọ́dún 1966, wọ́n lè dájọ́ ikú fún ẹni tó bá gbìn ín. Wọ́n yọ ikú kúrò nígbà tó yá. Òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ lọ́dún 1989 ló wá ní ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó bá gbìn ín, ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ tàbí tó mu ún. Ní kọ́ọ̀tù ọ̀pọ̀ adájọ́ kì í fi tó bẹ́ẹ̀ jẹ ọmọ tó mú ẹyọ kan dání níyà, àwọn míì máa ń ní kó sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n pè láàárín òru, níbo ló ti fẹ́ mọ ìyẹn?

Àǹtí Alágbo Jabi
Á jẹ́ pé bí òfin bá ṣe le tó ni owó ẹ̀yìn ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀ ṣé ó máa fẹ́ kí wọ́n yí i padà ni?

Ọmọ Lọ́yà
Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn mà.

Alhaja Sabon Gari
Ẹ ti ń gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíì. Rìbá burú, igbó náà burú, ọ̀kan ò sọ èkejì di rere. Mo ti wà ní Kano láti ọdún 1988. Ṣé ẹ rántí 2018 tí ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oníkodéènì? Ìyàwó tuntun kan wà ní ìta wa, ọmọ dáadáa, ó máa ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ padà sílé bàbá ẹ̀ ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, ìgò ló kún abẹ́ ẹ̀, wọ́n tò ó bí ẹni to ọjà. Ìyẹn tí wọ́n ń tà nílé oògùn pẹ̀lú láísẹ́ǹsì nìyẹn o! Láísẹ́ǹsì wo lẹ wá fẹ́ fún igbó? Owó orí tó bá sì tibẹ̀ wá, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ kíláàsì tí ọmọ ọmọ mi máa jókòó sí.

Bàbá Kaduna
Alhaja, ẹ má bínú sí mi. Owó bíà ńkọ́? Hisbah, àwọn tó ń ṣọ́ òfin Sharia, ń fọ́ ìgò bíà ní Kano, katakata ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo wa la rí i. Ṣùgbọ́n VAT, owó orí ọjà, tí wọ́n gbà lórí bíà l'Ékòó àti Port Harcourt, àpò kan náà ló ń lọ, gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì ń pín níbẹ̀. Ṣebí ó wà lára ohun tí Wike ń bá wọn fà lọ́dún 2021 nígbà tó jẹ́ gómìnà Rivers.

Alhaja Sabon Gari
Bàbá Kaduna, ṣé èmi ni mò ń pín in ni?

Bàbá Kaduna
Ẹ̀yin kọ́ mà. Owó tó bá ti wọ àpò Abuja, kò sẹ́ni tó tún ń bi í pé níbo lo ti wá, ohun tí mò ń sọ ò jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mararaba
Gbogbo wàhálà yìí, ṣebí àwọn ará ibí ló ń mu ún jù.

Ọmọ Lọ́yà
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, àti àwọn UN, 14.3 mílíọ̀nù èèyàn ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, 10.6 mílíọ̀nù nínú wọn mu igbó. Ọ̀dọ̀ tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá ló sì ga jù, kì í ṣe òkè Ọya.

Ẹ̀gbọ́n Mararaba
Ó dáa, mo ti gbọ́.

Ọmọ Ìlọrin Wuse
Kí la wá ń sọ nígbà náà? Ẹ wo Colorado ní Amẹ́ríkà, January 2014 ni wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, owó orí 15% lórí ohun tí oníbàárà bá rà, apá kan owó tó ń wọlé ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé.

Káfíńtà Dei-Dei
Kólóràdò kẹ̀? Ohun tó ya ọmọ aládùúgbò mi ní wèrè! Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ máa gba owó orí lé?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ẹ dúró ná, ẹ má jẹ́ ká ṣi ara wa gbọ́. Ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ni Colorado tí Ọmọ Ìlọrin ń sọ. Kólóràdò tí àwọn ọmọ ń mu níbí kì í ṣe igbó rárá, kẹ́míkà ni wọ́n ń fọ́n sára ewé gbígbẹ, ewé yòówù kó jẹ́. Ó máa ń le ju igbó lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀. Mo rí ọmọ kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa lóru, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ó ń ka abẹ́ fáànù òkè, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, tó bá ti kà á tán á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ẹ̀ di bàtà kejì mú lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò ní igbó ò lè ba ọpọlọ jẹ́ o, ó lè bà á jẹ́, àgàgà tọ́mọ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti kékeré tàbí tí irú àrùn yẹn bá ti wà nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tà á bá ń tà á lábẹ́lẹ̀, ọmọ tó lọ ra igbó lè gba Kólóràdò bọ̀.

Kọ́lá Jos
Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Igbó ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ó fi tramadol, oògùn ìrora, kún un. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ ìdí máńgòrò fún oṣù méjì. Àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá wọ ṣòkòtò penpe àwọn ọmọ ẹ̀ máa ń bi í, ó ń sọ pé ọ̀kadà ló gbé òun ṣubú.

Àǹtí Alágbo Jabi
Kọ́lá, ara ẹ̀ ti yá báyìí?

Kọ́lá Jos
Ó ti yá mà, ó ń ṣiṣẹ́. Dókítà ló ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí a ta ilẹ̀ bàbá wa ni.

Alhaja Sabon Gari
Ọmọ Ọ̀wọ̀, mo ní kí n bi ẹ́, Thailand yẹn tó o dárúkọ, àbúrò mi tó ń rajà lọ síbẹ̀ ní wọ́n ti ń ká ọwọ́ wọn kò.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Bẹ́ẹ̀ ni mà. June 2022 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ yàà, ó pọ̀ ní ìta jù, nígbà tó di June 2025 wọ́n ní àfi kéèyàn mú ìwé dókítà wá. Ti dókítà yẹn ni èmi ń sọ látilẹ̀, mi ò ní kí wọ́n máa tà á bí gúgúrú.

Alhaja Sabon Gari
Ìyẹn tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Mi ò gbà ṣá.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Màmá Dàpọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yín wà lọ́kàn mi látàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n bi, kí lẹ máa ní kí wọ́n ṣe?

Màmá Dàpọ̀ Nyanya
Mi ò fẹ́ kí wọ́n tà á ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ẹ má bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún gbé ọmọ mi sẹ́yìn mọ́tò lóru mọ́. Dàpọ̀ ṣì ń mu ún, ó ti dín in kù, kò tíì fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Garki ló ń kọ́ṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ fi í sílẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa lọ." Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo lè mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọn ò ní ní ká kọ́kọ́ lọ wá 400,000 wá, tí wọn ò sì ní dè é mọ́gi, ibẹ̀ ni mo fẹ́.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Màmá, mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ mú un wá bá mi lọ́jọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀, kí èrò tó pọ̀. Ẹ má wá láìjẹun o, a lè pẹ́ díẹ̀.

Màmá Dàpọ̀ Nyanya
A ó wá. Mo ti lọ sọ fún un, ó ti ń wá bàtà ẹ̀.