Àbájáde ìbéèrè mi lórí títo àkójọ ohùn orin sórí kọ̀ǹpútà

Mo padà wá láti kádìí ìbéèrè tí mo gbé kalẹ̀, nípa bí ènìyàn ṣe lè to àwọn àkójọ ohùn (ìró ohun èlò orin tí a ti gbà sílẹ̀) tí ó lé ní 2 TB, kí iṣẹ́ orin má baà máa pẹ́ kí ó tó ṣí, kí ohùn má sì máa já.

Ìmọ̀ràn tí ó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí dísíìkì oníyíyí lọ sórí SSD ti NVMe, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tí ń yí, tí ó sì yá gan-an. Kontakt, ètò tí a fi ń lo àwọn àkójọ ohùn náà, kì í sábà kó ohùn sínú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tán: ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi síbẹ̀, á sì máa fa ìyókù láti orí dísíìkì bí a bá ti ń tẹ dùùrù. Nítorí náà, nígbà tí dísíìkì ti yá, mo dín preload buffer (ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan tí ó ń fi sínú RAM) kù láti 60 kB sí 12 kB, RAM tí àwọn gòjé àti fèrè ń jẹ sì wálẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó ṣì ń lo dísíìkì oníyíyí kò gbọdọ̀ dán èyí wò o.

Batch resave, àṣẹ inú Kontakt tí ó ń tún ọ̀pọ̀ fáìlì fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ibùgbé wọn tuntun, ni ó yanjú bí Kontakt ṣe ń wá àwọn fáìlì ní ibùgbé wọn àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà wọn pamọ́.

Ní ti pípín iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì pẹ̀lú Vienna Ensemble Pro (ètò tí ó lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn bá ni gbé ohun èlò orin), n kò rí ìdí rẹ̀ mọ́, nítorí pé nínú Cubase, ètò tí mo fi ń ṣe orin, mo ti pa gbogbo ohun èlò tí n kò lò, èyí tí orin bá béèrè nìkan ni mo ń jí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn.