Òòrùn ni ọ̀tá ẹni tó ń ya odò nínú igbó

Ẹnì kan béèrè pé kí ló ń yọ àwa tá à ń ya fọ́tò odò nínú igbó lẹ́nu jù. Àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ti ejò, wọ́n ti sọ ti ẹ̀fọn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òòrùn ni tèmi.

Nínú igbó Ọmọ, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní J4 nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn igi ga, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ ń já bọ́ ní tótòtó ni. Bí òòrùn bá ràn, ibi tó bá ti kan omi á funfun báláú, abẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri. Kò sí bí kámẹ́rà ṣe máa gba méjèèjì kó dára. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú tí òjò ò sì rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ń pa bàbá ọdẹ tó mú wa wọgbó lẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará ìlú yìí, ojú ọjọ́ ṣú, inú yín ń dùn!" Ṣùgbọ́n òun ló sọ fún mi pé, "Òkúta tó dúdú tó ń dán yẹn, má gbẹ́sẹ̀ lé e o. Inú omi ni kó o tẹ̀, níbi tí yanrìn wà."

Ibẹ̀ ni mo dúró, omi mù mí dé orúnkún, mo ri ẹsẹ̀ kámẹ́rà mọ́ yanrìn. Mo fi fíltà tó ń pa dídán omi sójú lẹ́ńsì, mo ń rọra yí i. Ojú omi tó ń kọ mànà bíi dígí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí: òkúta wẹ́wẹ́, ewé tó ti rà, ẹja kékeré kan tó kọjú sí ìṣàn. Fíltà náà ń jẹ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kámẹ́rà ní láti lajú pẹ́. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni mo lò, ìṣàn sì hàn ní fọ́nrán-fọ́nrán. Àwọn mìíràn á jẹ́ kó pẹ́ títí omi á fi di èéfín. Kò wù mí. Omi ni mo wá yà.

Létí odò, ojú ẹsẹ̀ erin wà nínú ẹrẹ̀, ó fẹ̀ ju bàtà òjò mi lọ, omi ti sun sínú rẹ̀. Mo yà á. Bàbá ní ká má wá ẹni tó ni ín.

Fíltà kan náà ni mo gbé lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Mo yí i títí, n ò rí ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti da omi rú, ó ti pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan fi kọ̀ǹpútà sọ tirẹ̀ di búlúù. Irọ́ gbáà! Mo fi tèmi sílẹ̀ bó ṣe rí, mo kọ oṣù àti ọdún sí i.

Ẹni tó bá ní fọ́tò ibẹ̀, lápá afárá, láti ìgbà tí omi ṣì mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i.