Àlòkù i7 tàbí àlòkù i5: èwo ni kí n rà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù kan, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò pọ̀, n kò sì fẹ́ fi ra ohun tí n óò máa kábàámọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe kò le rárá: lẹ́tà àti ìjábọ̀ ni mo máa ń tẹ̀, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo máa ń ṣe ìpàdé lórí Zoom lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo sì máa ń wo fíìmù bí ọwọ́ bá dilẹ̀. N kì í gbá géèmù.

Àlòkù méjì ni wọ́n gbé síwájú mi, iye tí wọ́n sì ń ta méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Core i7-6600U ni ọpọlọ (processor) ti àkọ́kọ́, RAM rẹ̀ (àyè tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń lò) jẹ́ 8GB, hard disk inú rẹ̀ (ibi tí fáìlì ń gbé) sì jẹ́ 1TB. Core i5-8250U ni ìkejì, RAM tirẹ̀ náà jẹ́ 8GB, ṣùgbọ́n dípò hard disk, SSD (irú ibi ìkófáìlìsí mìíràn) tó jẹ́ 256GB péré ló ní. Ẹni tó ń tà wọ́n ní kí n má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, pé i7 ni ẹ̀gbọ́n i5, àti pé 1TB tó ìlọ́po mẹ́rin 256GB. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́ létí, síbẹ̀ ọkàn mi ń ṣe iyèméjì. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ẹ̀yin ìbá mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Èsì kìíní

I5 yẹn ni kí ẹ mú. Ẹni tó ń tà á kò parọ́ pé i7 ju i5 lọ, ṣùgbọ́n ó fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́, nítorí àwọn tí wọ́n jọ jáde ní sáà kan náà nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn bá mu. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 tàbí i5 náà gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 6 tó bẹ̀rẹ̀ 6600U ń sọ pé ìran kẹfà ni, ọdún 2015 ni ó sì jáde. 8 tó bẹ̀rẹ̀ 8250U ń sọ pé ìran kẹjọ ni, èyí tó jáde lọ́dún 2017. Ọdún méjì lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ìran kẹjọ yẹn ni Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, ti sọ core méjì (core ni ọwọ́ tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́) tó máa ń wà nínú irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí di mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n ń fi wé àbúrò ọlọ́wọ́ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, bẹ́ẹ̀ ni Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò gba ìran kẹfà yẹn wọlé; láti ìran kẹjọ ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọpọlọ Intel tí wọ́n fọwọ́ sí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 bọ inú kọ̀ǹpútà tí kò yẹ fún un, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe ìlérí pé àtúnṣe ààbò yóò máa dé sí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní gba ẹni tó ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì nímọ̀ràn pé kó dán an wò.

Ní ti 1TB, ìwọ̀n àyè ni ẹni náà ń pariwo, kò mẹ́nu kan ìyára. Inú hard disk, àwo kan ń yí bìrí bìrí, apá kékeré kan sì ní láti rìn dé ibi tí fáìlì wà kó tó lè kà á. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè tan kọ̀ǹpútà oní-hard disk kí ẹ sì lọ bu omi mu kó tó ṣe tán, tí ti SSD yóò sì ti ṣí kí ẹ tó jókòó dáadáa. Lẹ́tà àti ìjábọ̀ kò lè kún 256GB. Fíìmù ló lè kún un, ẹ sì lè kó ìyẹn sínú dísìkì tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn láti ìta.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èsì òkè yìí, àmọ́ ẹ má tíì sanwó. Ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ lára àlòkù kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Bátìrì ni, ibi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí tó ń pa dé ni, ihò tí ṣájà ń wọ̀ ni. Ẹ ṣí Command Prompt (ojú fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows), kí ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`. Windows yóò kọ ìwé kan jáde, ẹ ó sì rí nọ́ńbà méjì nínú rẹ̀: Design Capacity ni agbára tí bátìrì ní nígbà tí wọ́n ṣe é, Full Charge Capacity sì ni ibi tí agbára rẹ̀ lè dé lónìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí ìkejì sì jẹ́ 25,000, ìdajì bátìrì ti lọ nìyẹn, kí ẹ yọ iye bátìrì tuntun kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san.

Àlòkù tí èmi kọ́kọ́ rà ń dán bíi tuntun. Nígbà tí mo gbé e délé tí mo fẹ́ yí ohun kan padà nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó máa ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé), ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó tà á fún mi kò mọ̀ ọ́n, n kò sì rí ẹni tí n óò bi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lò ó fún ọdún méjì bí ẹni tó ń gbé yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ tan tiyín níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì wọ inú BIOS lójú rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì ìtẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ ọ, torí Zoom tí ẹ dárúkọ yẹn kò ní wúlò bí ẹlòmíràn kò bá gbọ́ yín.

Èsì kẹta

Èmi kò fi gbogbo ara gba ti àlòkù. Kọ̀ǹpútà tuntun tó ní ọpọlọ Intel N100, tó jáde lọ́dún 2023, ní core mẹ́rin, kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì rẹ̀ kò tíì gbó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì tún ń dáhùn fún un bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò tí wọ́n dá. Gbogbo iṣẹ́ tí olùbéèrè kà sílẹ̀ kò ju agbára rẹ̀ lọ. Chromebook (láptọ́ọ̀pù tó ń lo ChromeOS ti Google dípò Windows) náà wà níbẹ̀ fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ fi ojúlówó Microsoft Word ti Windows sínú rẹ̀ má wulẹ̀ yà síbẹ̀.

Èsì kìíní tún fèsì

Mo gbà fún yín lórí N100, bí RAM rẹ̀ bá ti jẹ́ 8GB. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni tuntun tó ní ọpọlọ Celeron N4020, RAM 4GB, àyè ìkẹ́rùsí eMMC 64GB. 64GB yẹn gan-an ni iye tó kéré jùlọ tí Windows 11 ń béèrè, kí ẹ̀yin tó fi fáìlì kan ṣoṣo sí i. Wọ́n sì sábà máa ń jó RAM irú wọn mọ́ ojú pátákó inú rẹ̀, tí kò sí ọ̀nà láti fi kún un mọ́. Páálí tuntun kò sọ ọ́ di ohun tó dára.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo padà lọ wo i5 náà: BIOS rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé 8GB yóò tó mi fún ọdún mélòó kan sí i?

Èsì kejì tún fèsì

Fún iṣẹ́ yín, yóò tó, bí ẹ kò bá jẹ́ ẹni tó ń ṣí ogójì ojú ewé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú Chrome. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Bí ó bá jẹ́ 1 of 2, ihò kan ṣì ṣófo, ẹ lè ra 8GB mìíràn kí ẹ fi sínú rẹ̀ nígbàkígbà tí owó bá dé.