"Amọ̀lára" ló yẹ ẹ̀rọ inú kọnkéré

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún orúkọ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí àwọn ẹnjiníà ń rì mọ́ inú kọnkéré kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ó bá ń sán: "aríran" àti "afura." N kò fara mọ́ ọ̀kankan, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an kò sí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo afárá Saint Anthony Falls ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 dípò afárá onírin tó wó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2007, tó sì pa ènìyàn 13. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó lé ní 300 ni wọ́n fi sára afárá tuntun náà. Ọ̀pá irin kékeré ni àwọn kan nínú wọn, tí wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà le wà nínú rẹ̀; wọ́n á rì í sínú kọnkéré, bí kọnkéré bá sì ti gan, ọ̀pá náà á di ara rẹ̀. Òòfà oníná mànàmáná á ta wáyà yìí, yóò sì gbọ̀n. Bí kọnkéré bá nà, wáyà á le sí i, ìgbọ̀n rẹ̀ á sì yá sí i. Nínà náà kì í pọ̀: bí mítà kan kọnkéré bá fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà gùn sí i, ó ti fẹ́ sán nìyẹn.

Níbo wá ni ìran wà nínú èyí? Ẹ̀rọ náà kò rí nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe kọnkéré ló ń ṣe òun náà. "Afura" sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì dájú ni a ń fura sí, wáyà yìí kì í sì í rò, iye ni ó ń sọ. Ẹnjiníà tó ka iye náà, tó sì yọ ti ooru kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé oòrùn nìkan tó láti mú kọnkéré nà, òun ni ó ń fura. Bí a bá fún irinṣẹ́ ní orúkọ yẹn, kí ni a ó pe ẹni náà?

Ìdí nìyí tí mo fi yan "amọ̀lára." Àwọn kan lè sọ pé ìmọ̀lára ti di ọ̀rọ̀ ọkàn. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn tí kò dùn ún, ohun tí a ń wí ni pé kò mọ̀ ọ́n lára.

Kí a má sì fi "là" rọ́pò "sán." Àwo tó sán ṣì ń gba ọbẹ̀, èyí tó là ti di méjì. Ìgbà sísán ni amọ̀lára wúlò jù, kí omi tó gba ibẹ̀ dé ara irin tó gbé kọnkéré ró, kí irin tó dógùn-ún, kí ó tó wú, kí ó sì tó la kọnkéré láti inú.