Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bọ́dì jíìpù tó ń dún lórí ṣaṣí: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, mo béèrè nígbà kan ìdí tí ilẹ̀kùn awakọ̀ kì í fi í padé dáadáa, tí bọ́dì sì ń dún lójú ọ̀nà oníyanrìn ní Badagry. Rọ́bà ìjókòó bọ́dì ni, ìyẹn àwọn rọ́bà tó wà láàárín bọ́dì àti ṣaṣí (férémù irin abẹ́ ọkọ̀). Kò sí páìpù irin kékeré nínú ihò wọn. Páìpù yẹn ló ń gba agbára bóòtù kí rọ́bà má baà fún pọ̀.

Kí ẹ tó fi jáàkì gbé bọ́dì láti fi rọ́bà tó ní páìpù sí i, ẹ tú wáyà ẹ́ẹ̀tì (wáyà iná tó so bọ́dì mọ́ ṣaṣí), ọ̀pá sítíárìn àti rọ́bà ẹnu táǹkì epo. Bóòtù 12mm onípò 8.8 (ìyẹn ìwọ̀n líle irin rẹ̀) la lò. Ẹ má tíì dè é pa o! Ẹ fọwọ́ wọ gbogbo wọn tán, kí ẹ wọn ọkọ̀ láti igun dé igun, kí ẹ sì wo àlàfo ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀. Ibi tó bá rẹlẹ̀, ẹ ki wọ́ṣà sí i. Ìgbà náà ni kí ẹ dè é láti àárín lọ sí ìkángun, kí agbára dídè jẹ́ 60 Nm lórí sípánà tó ń wọn agbára.

Nítorí afẹ́fẹ́ òkun, ẹ fi gíríìsì kun orí bóòtù, àmọ́ lẹ́yìn dídè ni. Bí gíríìsì bá kan eyín bóòtù ṣáájú, ẹ ó dè é kọjá ààlà. Ẹ dá wáyà ẹ́ẹ̀tì padà, torí rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Lẹ́yìn 500 km, ẹ tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò.