«Abo-òrìṣà» àti «ìwà-obìnrin mímọ́»: èmi ò fara mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará, òkun o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ lórí bí àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣe tún ń wá òrìṣà tó jẹ́ obìnrin kiri nínú ìtàn ìwáṣẹ̀, ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà, mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá lọ́sẹ̀ tó kọjá: «abo-òrìṣà» (goddess), «ìwà-obìnrin mímọ́» (sacred feminine) àti «àtúnwárí» (rediscovery). Àwọn kan ti ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ta kò wọ́n díẹ̀ láti Kàbà, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí.

Abo màlúù, abo ajá, abo adìẹ: ẹran là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi «takọtabo» dá mi lóhùn o, ogunlọ́gọ̀ èèyàn là ń fi ìyẹn kà pọ̀, kò sẹ́ni tó ń fi kí ìyá rẹ̀. Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, odù Ifá kan, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin láàárín irúnmọlẹ̀ 17 tó wá sáyé. Àwọn 16 yòókù pa á tì, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dàrú. Nígbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, ta ló pè é ní abo-irúnmọlẹ̀? Yèyé ni Ọ̀ṣun títí dòní. Àwọn kan tó túmọ̀ Bíbélì gan-an mọ̀ ọ́n lára: nínú Àwọn Ọba Kìíní 11:5, «òrìṣà àwọn ará Sídónì» ni wọ́n pe Áṣítórẹ́tì, wọn ò fi nǹkan kan kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kedere níbẹ̀ pé obìnrin ni. «Òrìṣà» kò ní akọ, kò ní abo. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gba kéèyàn là á, «òrìṣà tó jẹ́ obìnrin» ti tó.

«Mímọ́» ló ká mi lára jù. Ohun tó mọ́ ni ohun tí kò ní ìdọ̀tí, ṣọ́ọ̀ṣì ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Kò burú, «Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run» ni àwọn Àgùdà ń gbà ládùúrà, ó sì dùn létí. Àmọ́ nǹkan òrìṣà wa kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ọ̀wọ̀ ni, èèwọ̀ ni, awo ni. Ẹ wo Òfósì nílẹ̀ Òkun níbí: ẹgbẹ́ awo obìnrin, tí àwọn tó wọ̀ ọ́ ní èdè tiwọn láàárín ara wọn, tí ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè gbọ́. Ta ni yóò dé iwájú wọn tí yóò sọ pé «ìwà-obìnrin mímọ́» ni wọ́n ń ṣe? Wọn ò ní mọ ohun tó ń sọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo mú wá dípò «ìwà-obìnrin mímọ́» ni «àṣẹ ìyá». Àbúrò kan láti Ìsánlú ti kọ̀wé sí mi pé ìyẹn yóò yọ ẹni tí kò bímọ sẹ́yìn. Mo rí ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka ọmọ Ìyálóde kí wọ́n tó fi í joyè. Artemis pàápàá, òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, wúńdíá ni, síbẹ̀ òun ni àwọn obìnrin wọn ń ké pè lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

«Àtúnwárí» dáa fún Yúróòpù, torí pé wọ́n sọ tiwọn nù lóòótọ́: ní nǹkan bí ọdún 391 sí 392 ni Theodosius, ọba Róòmù, fòfin de ẹbọ àti ilé òrìṣà. Ṣùgbọ́n tí àpilẹ̀kọ náà bá dé orí Ọ̀ṣun, ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ọdọọdún ni wọ́n ń bọ ọ́ ní Òṣogbo, UNESCO sì ti kọ igbó rẹ̀ sílẹ̀ láti 2005. Ta ló wá a rí? «Ìsọjí» ì bá bá tiwa níbí mu, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti dín Òfósì kù, àmọ́ àwọn oníwàásù ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa.

Ọ̀kan ṣì kù. Ẹ̀gbọ́n pe ère obìnrin kékeré ayé àtijọ́ ti Willendorf, èyí tí wọ́n hú jáde ní Austria ní 1908, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, ní «abo-òrìṣà». Ta ló sọ fún wa pé wọ́n bọ ọ́? Àwọn awalẹ̀pìtàn fúnra wọn ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Obìnrin tó kúnlẹ̀ lórí oṣé Ṣàngó ńkọ́? Àlejò tó bá rí i yóò ní òrìṣà rèé, bẹ́ẹ̀ olùbọ ni. «Ère obìnrin» ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń kà á.

Ẹni tó bá ti gbọ́ «abo» rí nínú oríkì òrìṣà kankan, ní Yàgbà, ní Bùnú tàbí níbòmíràn, kó kọ ọ́ síbí bó ṣe gbọ́ ọ, kó sì dárúkọ ìlú.